Ìró Tí Bàbá Fi So Rọ́bà Omi

Bàbá mi kì í gbé ọkọ̀ wọn fún mẹkáníìkì. Wọ́n ní owó iṣẹ́ máa ń ju owó ẹ̀yà ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn fídáù wọn, ọkọ̀ ń da omi, iṣu tí ìyá mi fẹ́ kó lọ tà lọ́jà Ṣáṣá sì ń jẹrà nílé. Mo bá pe Sanmí mẹkáníìkì.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ló fi ìró so rọ́bà omi?"

Ìyá mi yọjú. Ìró tí wọ́n ti ń wá láti Iléyá ni. Bàbá pàápàá bá wa wá a.

"Má tú u," ni ìyá mi wí.

"Màmá, ọkọ̀ ò ní dé Ṣáṣá o."

Wọ́n wo iṣu. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tú u, wọ́n sì fi nu ojú, tòun ti gírísì.