Òfin Tí Mo Kọ fún Ímeèlì

"Ta ló ń kó lẹ́tà ìyàwó mi pamọ́?"

Abdulmumini ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, sípánà táyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì tó wà nídìí tẹlifóònù sá jáde. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ìgbájú ti dé kí n tó lanu. Mo ṣubú lu pírìntà, eyín mi kan sì kán.

Awakọ̀ ni Abdulmumini, lọ́rì ló fi ń kó iṣu wá sí ọjà Ipata. Oṣù méjì sẹ́yìn ni Kùdírátù, ìyàwó rẹ̀, lọ ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà lókè òkun. Kò sí tẹlifóònù nílé wọn, ló bá forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà wa nítòsí Post Office, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa fi ímeèlì ránṣẹ́ síbẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà wa ń lò. Ẹni tó bá kọ̀wé á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sókè lẹ́tà. Pírìntà á tẹ̀ ẹ́, a ó sì fún ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 1998 yẹn, pàǹtí ti pọ̀ ju lẹ́tà lọ: oògùn tó ń mú irun hù lórí apárí, tẹ́tẹ́, àwọn tó fẹ́ sọ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí di olówó. Bébà wa ni wọ́n ń jẹ. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo kọ òfin kan sí i: lẹ́tà tí kò bá ní orúkọ oníbàárà wa kankan lókè, kó gbé e sínú àpò tí mo pè ní Pàǹtí, kó má tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, pírìntà sinmi. Òfin mi wù mí débi pé n kò ṣí àpò yẹn wò rí.

Abdulmumini fi sípánà táyà lu tábìlì, gbàà! Pákó rẹ̀ là sí méjì.

"Ọjọọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni mò ń wá síbí! Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti lọ́kọ mìíràn lọ́hùn-ún. Lónìí, bí a bá ti kírun tán, n ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Ṣùgbọ́n wàlláhì, orí ẹ ni n ó kọ́kọ́ fọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà kankan ò dé..."

"Ará Yunifásítì! Irọ́ ni wọ́n kọ́ ẹ níbẹ̀?"

Sípánà bà mí léjìká. Egungun dún pàù.

Àǹtí Ìyábọ̀dé, tó ni ṣọ́ọ̀bù, gbá a mú látẹ̀yìn. Ọkùnrin náà fi ìgúnpá gún un nímú, ẹ̀jẹ̀ sì bo búláòsì rẹ̀. Síbẹ̀, Àǹtí ò tú u sílẹ̀.

"Àbídèmí!" ló pariwo. "Èyí tí òfin ẹ ń kó dànù, ibo ló wà?"

Mo rá dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń gbọ́ tèmi. Mo ṣí Pàǹtí, mo ní kó wá orúkọ Abdulmumini nínú rẹ̀. Kò rí ẹyọ kan.

"Ẹ ò rí i? Olè!" Abdulmumini já ara rẹ̀ gbà, ó gbé sípánà sókè orí mi.

"Kí ni ìyàwó yín máa ń pè yín?" Mo fi gbogbo ohùn tó ṣẹ́kù fún mi ké e.

Sípánà dúró lókè. Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

"Ṣé orí ẹ ti dàrú ni? Obìnrin ilé wa wo ló ń la ẹnu pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Orúkọ àkọ́bí wa ló fi ń pè mí. Bàbá Naimat!"

Mo ní kó wá orúkọ yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọjú sí kọ̀ǹpútà. Láàárín oògùn irun àti tẹ́tẹ́, lẹ́tà mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ fún Bàbá Naimat, èyí tó dé gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ náà.