Pákó Àpá Ògúnjìnmí

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ọ̀gá tó kọ́ mi kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan igi tí kò wúwo. Nítorí náà, nígbà tí pulaiwúùdù kọ́kọ́ dé Òṣogbo, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sáré rà á, ńṣe ni mo ń yọ ṣùtì ètè sí wọn. Igi tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n wá fi gúlúù lẹ̀ mọ́ra wọn! Mo ní bí igi bá jẹ́ igi, kí ló ń wá gúlúù sí? Gbogbo àdúgbò ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé èmi Mùyídéènì ò ní í kan irọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́run sì mọ bó ṣe ń mú alásọjù.

Ní ọdún 1953, lọ́rì kan já pákó àpá méjì sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwàrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti wá, bàbá àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúnjìnmí ló fi wọ́n ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Àgbékẹ́, tó jẹ́ tíṣà ní Iléṣà, ń múra àtilọ sílé ọkọ, bàbá sì fẹ́ kí n fi pákó méjèèjì kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ fún un. Àpá pupa ni, ó nípọn, ó gbẹ dáadáa, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mo ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Àgbékẹ́ fúnra rẹ̀ fi dé. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì la àwọn pákó yẹn."

"Kí ló dé, Mísì?"

"Pákó pósí bàbá mi ni."

Mo fún un ní àga, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé. Nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ kú lójijì, kò sí pákó kankan nílé. Pákó àpótí panla ni wọ́n kàn mọ́ra tí wọ́n fi sin ín. Lẹ́tà òyìnbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbàgàdà, òórùn ẹja ń jáde lára rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń fọwọ́ bo imú létí sàréè. Láti ọjọ́ náà ni Ògúnjìnmí ti wá igi àpá, tó là á, tó sì gbé e sórí àjà. Ó ti tó ogún ọdún. Àgbékẹ́ nìkan lọmọ tó bí, kò sì ní ohun mìíràn tó níyì lójú ara rẹ̀ tó lè fún un.

"Bí mo bá ní mi ò fẹ́, ó máa dùn wọ́n," ó ní. "Bí mo bá sì gbà á, inú àpótí panla ni mo máa sin bàbá mi sí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àwa Mùsùlùmí kì í fi pósí sin òkú, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìtìjú? Mo wo pákó, mo wo ọmọ. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé:

"Mo lè fi pulaiwúùdù kan kọ́bọ́ọ̀dù náà. Màá gé díẹ̀ lórí pákó bàbá, màá là á fẹ́lẹ́ bíi páálí, màá sì fi bò ó tinú tẹ̀yìn. Àpá lojú máa rí. Èyí tó bá kù á padà sórí àjà."

Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́.

Ìṣòro kan ló kù: ibo ni kí n ti gé e? Mo ní láti mọ bí bàbá ṣe ga tó, kí èyí tí mo bá fi sílẹ̀ má baà kúrú fún pósí rẹ̀. Ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ fún mi títí, pé a kì í wọn alààyè fún pósí. Téèpù kò gbọdọ̀ kan ẹni tó ń mí.

Mo wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà, mo sì ti ibẹ̀ dé Ìwàrà. Mo purọ́ fún bàbá pé mo wá bá a yọ ayọ̀ ìgbéyàwó ni. Ó fi iṣu sísun àti epo ṣe mí lálejò. Bó ṣe lọ bu omi, mo rí ẹní tó fi ń sùn, ibi tí orí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ẹ́ hàn kedere. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń na ọwọ́ lé e: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Káfíńtà, kí lo ń wá lórí ẹní mi?"

Ó ti ká mi mọ́ ọn. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti pósí, àti pulaiwúùdù. Ojú rẹ̀ le.

"Ọmọ mi ni mo fún ní ugi yẹn. Èmi kì í fún ọmọ tán kí n tún gbà á." Ìjẹ̀ṣà ò ní í pe igi ní igi láéláé, bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí tó, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. "Ùwọ wá fẹ́ fi awọ lásán bò ó? Kọ́bọ́ọ̀dù tí inú ẹ̀ jẹ́ irọ́?"

Ẹ wá wo èmi tí mo ti ń bú pulaiwúùdù láti ọjọ́ tó ti dé. Èmi náà ló wá di agbẹjọ́rò rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe irọ́. Pákó tó fẹ̀ máa ń là bí ọyẹ́ bá dé, èyí kì í là. Bí mo bá fi àpá yín bò ó, ọmọ yín á lò ó di arúgbó. Ẹ̀yin alára, ṣebí awọ yín ni mo ń wò yìí. Ṣé irọ́ wá ni yín ni?"

Ó ní, "Ẹnu rẹ mú ju ayùn rẹ lọ." Ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ó dìde, ó mú èédú nínú ààrò, ó sì fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn. Ó na ara rẹ̀ ṣánṣán, ó gbọ́wọ́ sókè, ó sì fi èédú fa ìlà sára òpó lókè orí ara rẹ̀.

"Ùwọ ò wọ̀n mí o. Èmi ni mo wọn ara mi. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ulé lọmọ Ọwá ti í múná roko. Òpó ni kí o wọ̀n."

Mo fi téèpù wọn òpó.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi la orí àwọn pákó náà sí awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo se gúlúù, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ pulaiwúùdù, mo gbé òkúta lé wọn lórí kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo fi ewé ẹ̀pin ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ògúnjìnmí fi ìka gbá kọ́bọ́ọ̀dù náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fetí sí bó ṣe dún, ó ṣí i, ó gbóòórùn inú rẹ̀. Ó ní, "Ugi mi nìyí." Omi bọ́ lójú mi. Mo ní eruku ayùn ló kó sí mi lójú, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kan ayùn lọ́jọ́ náà.

Ó lo ọdún mẹ́fà sí i kó tó kú, ikú àgbà. Àgbékẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n sọ pákó kalẹ̀ láti orí àjà, mo wọn ìlà èédú ara òpó lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì kan pósí náà bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ́ bàbá sínú rẹ̀, àyè ṣẹ́kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Bóyá ọjọ́ ogbó ló ti sọ ọ́ di kúkúrú, bóyá ó sì gbé gìgísẹ̀ sókè lọ́jọ́ èédú yẹn, mi ò mọ̀. Ojú tì mí gidigidi. Òkú tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn nínú pósí kò dáa rí.

Àgbékẹ́ ní kí wọ́n dúró. Ó wọ mọ́tò lọ sílé rẹ̀ ní Iléṣà, ó sì padà dé kí oòrùn tó yí. Aṣọ òkè tí bàbá rẹ̀ rà fún un nígbà ìgbéyàwó ló mú jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi í sí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó kún àyè náà gẹ́lẹ́.

Òórùn àpá jáde lára aṣọ náà. Mo mú ìdérí, mo sì gbójú sókè wo àwọn èèyàn tó dúró yí wa ká. Kò sí ẹni tó fọwọ́ bo imú.