Àǹtí Páìpù nínú Ìlú Olómi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àbúrò bàbá mi obìnrin fi tún páìpù omi ṣe nílé ìwòsàn kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ wọ́n ní Àǹtí Páìpù. Nígbà tí orúnkún wọn ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò dilẹ̀.

Èmi ní tèmi, àwòrán ni mò ń yà fún eré orí kọ̀ǹpútà. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Eré wa ò ní ìjà, kò ní ìbọn. Ẹni tó ń ṣe é á kàn máa ti inú ayé àjèjì kan bọ́ sí òmíràn, á fi máòsì tọ́ka sí nǹkan, á tẹ̀ ẹ́, á wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àdììtú ló kún ibẹ̀.

Ayé kẹta, Ìlú Olómi, ló fẹ́ dójú tì mí. Oṣù mẹ́fà ni mo fi yà á: ilé gogoro, páìpù bàbà tó lọ́ mọ́ra bí ìfun, táǹkì ràgàjì lórí òkè. Ẹni tó ń ṣeré gbọ́dọ̀ mú omi láti inú táǹkì dé ìsun kan tó ti gbẹ láàárín ìgboro. Èèyàn mọ́kànlá la ní kó dán an wò, kò sẹ́ni tó rí i yanjú. Ọ̀gá wa ní tó bá fi di ìparí oṣù, a máa yọ ayé náà kúrò. Omi tán lẹ́yìn ẹja mi.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Wọ́n ti tú ẹ̀rọ omi aládùúgbò wọn palẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn.

“Kí lo gbé wá yẹn?”

“Iṣẹ́ ni, Àǹtí. Ẹ bá mi wò ó.”

Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wọ awò ojú. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

“Fi mí sílẹ̀ ná. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.”

Tíì wọn tutù níwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kan máòsì. Ìka wọn ń tẹ̀ lé páìpù láti táǹkì wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró lórí afárá kan tí páìpù náà gùn kọjá.

“Ta ló ṣe páìpù yìí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n omi ò lè gba ibí. Ibi tó yọ gọngọ yìí, afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀, á dí omi lọ́nà. Níbo lo fẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà gbà jáde?”

“Àǹtí, eré ṣáà ni.”

“Mo gbọ́. Ojú àwọn tó ń ṣe é ti sọ fún wọn pé kò lè ṣeé ṣe. Ẹnu wọn ni ò mọ̀ ọ́n sọ.”

Èèyàn mọ́kànlá, ọ̀gá, àti èmi tí mo yà á, kò sẹ́ni tó rí ohun tí Àǹtí fi ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan rí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo ya ìdérí bàbà kékeré kan sórí afárá. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á súfèé jáde, omi á sì tẹ̀ lé e. Nínú àwọn mọ́kànlá náà, mẹ́sàn-án yanjú rẹ̀. Ọ̀gá wa fúnra ẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dárúkọ yíyọ mọ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún Àǹtí, wọ́n ní kí n fi odindi eré náà sílẹ̀ fáwọn. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n ti dé ayé karùn-ún, wọ́n há síwájú ilé onígíláàsì kan tó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta. Mo la ẹnu láti sọ ilẹ̀kùn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀.

“Tó o bá sọ ọ́, á dìjà,” ni wọ́n wí. “Jókòó.”

Mo jókòó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ sí máòsì, wọ́n sì tẹ ilẹ̀kùn àárín. Ibẹ̀ kọ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wò.