Ẹnì Kan Ṣì Wà Lọ́nà

Ẹni tó bá ní eré kẹ̀kẹ́ kì í ṣe iṣẹ́, kó gun kẹ̀kẹ́ láti Gbọ̀ngán dé Ìkirè nínú oòrùn ọ̀sán, kó sì máa fi àyà gba atẹ́gùn fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí Fáìsátù ń ṣe nìyẹn. Obìnrin mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ wọn, owó oṣù ni wọ́n ń gbà, Bọ́sẹ̀ sì ni olórí wọn. Fáìsátù ni í ṣáájú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà dá a lágara, òun ni í gbé omi fún un, bí wọ́n bá sì dé òpin, Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ya ní fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n ti sáré lọ́dún yìí, Fáìsátù kò wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gàrúbà, kóòṣì wọn, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó jẹun àárọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ bò: ẹni márùn-ún ni ẹgbẹ́ lè gbà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì parí eré ìkẹyìn, kó má wulẹ̀ padà wá. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Fáìsátù mọ ẹni tó ń bá wí. Ẹ̀rù bà á gan-an, nítorí kò fẹ́ iṣẹ́ mìíràn láyé.

Eré ìkẹyìn náà, Gbọ̀ngán ló ti bẹ̀rẹ̀. Yóò la Ìkirè àti Àpòmù kọjá, yóò yípo gba Ararọ̀mí-Òwu, kó tó padà wá parí ní Àpòmù. Ìkirè sì ni ilé Fáìsátù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní àṣà kan tó dára: bí eré bá fẹ́ wọ ìlú ẹnìkan, àwọn yòókù a dẹsẹ̀, wọn a ní kó máa lọ níwájú kó kí àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò ní sá mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn náà kò ní lé e. Níbòmíràn, ẹni náà a juwọ́, a gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó parí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ṣùgbọ́n Ìkirè ni mo wí o. Fáìsátù ṣáájú tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì rí Sàlámọ̀tù, ìyá rẹ̀, nídìí dòdò tó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kí òun juwọ́, ọwọ́ kọ̀, kò gòkè. Ta ní í juwọ́ sí ìyá rẹ̀? Ó sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ẹni tí wọ́n bá sì ń kì, kì í dìde kí wọ́n tó kì í tán. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti jáde, òun náà ní láti gba ìkúnlẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan Bàbá Sàlàkọ́, onílé wọn, tó béèrè àlàáfíà ẹsẹ̀ rẹ̀, oúnjẹ tó ń jẹ, àti ìgbà tí yóò lọ́kọ. Nígbà tí Fáìsátù máa fi gbójú sókè, gbogbo ọ̀wọ́ oníkẹ̀kẹ́ ti kọjá lọ tán.

Ó yẹ kí n bínú sí i, àmọ́ ta ni nínú yín tó lè dìde níbẹ̀?

Ó fò sórí kẹ̀kẹ́, ó ń sunkún, ó ń bú ara rẹ̀, ó sì ń sáré. Ó la Àpòmù kọjá, ó gba Ararọ̀mí-Òwu, ó bá àwọn mẹ́ta tó ti rẹ̀, ó kọjá wọn. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ díẹ̀ pé òun yóò parí. Ìgbà náà ló rí Bọ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jò pátápátá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ti wà níwájú, wọn kò mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kò tíì jìnnà. Mọ́tò tó ń gbé táyà tẹ̀lé wọn ti gbé ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan tó ṣubú lọ sílé ìwòsàn. Bọ́sẹ̀ ló sì ń ṣíwájú nínú máàkì ọdún náà. Bó bá wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lónìí, ife di tiwọn. Kò bẹ Fáìsátù. Ó kàn ń wò ó.

Kìlómítà mẹ́jọ ló kù. Fáìsátù mọ̀ pé bí òun bá fún un ní táyà, ẹsẹ̀ lòun yóò fi rìn. Ó dùn ún wọra. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tú táyà ẹ̀yìn tirẹ̀ tòun ti ríìmù.

"Máa lọ," ó ní. "Má wẹ̀yìn."

Bọ́sẹ̀ lọ. Fáìsátù bọ́ bàtà kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé fi rìn, ó gbé kẹ̀kẹ́ léjìká, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ rìn. Òfin eré gbà kí ènìyàn fẹsẹ̀ parí, bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí wọ́n dúró dè é. Àwọn mẹ́ta ọ̀hún tún wá kọjá rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ní kó jẹ́ kí òun gbé e, ó kọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó. Ó rìn tó wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó rí òrùlé Àpòmù, ó sì mọ̀ pé wọn yóò ti palẹ̀ mọ́.

Lóòótọ́, wọ́n ti kó àga, èrò ti túká. Bánà òpin eré nìkan ló ṣì wà lókè. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró ti àkàbà, wọ́n ń kùn, nítorí pé Bọ́sẹ̀ gbá òpó bánà mọ́ra, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, wọ́n ti bú u. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún wọn.

"Ẹnì kan ṣì wà lọ́nà."

Gàrúbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti dá táyà Fáìsátù mọ̀ lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ Bọ́sẹ̀ nígbà tó wọlé, tó ṣe ipò kẹjọ. Ó béèrè lọ́wọ́ Fáìsátù bóyá, nígbà tó ń tú táyà náà, ó rántí ohun tí òun ti sọ nípa ẹni tí kò bá parí. Fáìsátù ní òun rántí, sà. Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó, ó wo ilẹ̀.

"Orúkọ rẹ ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀," ó ní. "Wọlé, jàre, kí wọ́n lè kọ ọ́ pé o parí."

Fáìsátù gba abẹ́ bánà kọjá, òun ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀.