Bí Mo Ṣe Lọ Wádìí Ilé Pẹ́kínsì Lójú Àlá

Ẹ bá mi sún àga yẹn mọ́ra, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Àlá tí mo lá mọ́jú òní kò ṣe é dá gbé mì.

Ẹ ṣáà mọ Mopélọ́lá ọmọ mi, èyí tó lọ kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló mú òyìnbó kan wálé, Wésílì Pẹ́kínsì, ó ní ẹni tí òun máa fẹ́ nìyẹn. Ọmọ náà ga, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì ń jẹ ata wa tomijé-tomijé láì ráhùn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Gbọ̀ngán, fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó ní, "Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ta ló mọ ilé wọn? Ṣé wọn kì í jalè níbẹ̀? Ṣé wọn kì í ya wèrè?" Òun sì ni àgbà ilé wa báyìí. Bí kò bá gbà, kò sí ìgbéyàwó. Mopélọ́lá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Wésílì fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju pé baba ńlá wọn, Éfúráímù, jẹ́ àgbẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, tó ṣán igbó, tó dá oko. Ìyá Gbọ̀ngán ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi bàbá ọmọ ni kí n wá sọ bí ilé náà ṣe rí fún òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó di ẹrù rẹ̀. Èmi tí mi ò kọjá Ìlọrin rí, ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà wádìí Amẹ́ríkà? Mo bá lọ sùn.

Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì mi gbéra. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn di ìrọ̀rí mú. Nígbà tí a dé ẹnubodè Amẹ́ríkà, bàtà mi tòsì ní òun kò lè wọlé.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Tọ̀tún nìkan ni wọ́n fún ní físà," ni bàtà wí. "Ẹ máa lọ, ọ̀gá. Màá dúró dè yín níbí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Mo fi bàtà ẹyọ kan wọ Amẹ́ríkà, mò ń tiro.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wádìí ìdílé àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ léfòó sójú ọ̀run. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ápù kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo fà mọ́ okùn náà, mo gòkè. Akọ̀wé kan tó de táì jókòó síbẹ̀, ó ń họ irùngbọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," mo ní. "Ilé Pẹ́kínsì ni mo wá béèrè."

"Pẹ́kínsì alágbàdo ni, àbí Pẹ́kínsì elélégédé?"

"Alágbàdo ni," mo dáhùn, bí ẹni pé mo mọ̀.

Ó fa odidi àgbàdo kan yọ nínú àpótí tábìlì rẹ̀. Ó ní hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ èèyàn kan nínú ẹbí náà. Lóòótọ́, nígbà tí mo dẹtí sí i, àwọn hóró ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ nínú ogún bàbá wọn. Òmíràn ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Hóró obìnrin kan pè mí láti ìsàlẹ̀ àgbàdo náà: "Bàbá ìyàwó, ẹ káàbọ̀! Àwa kì í jalè o!"

"Ẹ ṣeun, ìyá. Wèrè ńkọ́?"

Gbogbo hóró forí korí. Lẹ́yìn náà ọ̀kan ní, "Ẹnì kan péré ni. Ó máa ń bá màlúù rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Mo ní ìyẹn kì í ṣe wèrè, torí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bá bàtà mi sọ̀rọ̀ tán ni. Inú mi ti ń dùn. Ó wá ku hóró àkọ́kọ́, Éfúráímù fúnra rẹ̀. Ibi tó ti fẹ́ lanu ni akọ̀wé ti ké "Mẹ́ẹ̀ẹ̀!" Mo wojú rẹ̀, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kí n tó sọ pé kín-ín-ní, ó ti run àgbàdo náà tán, àti ẹbí bàbá àti ẹbí ìyá.

"Ọ̀gá akọ̀wé," mo ní, "ẹ ti jẹ àwọn àna mi."

"Ẹ má bínú," ni òbúkọ wí, "àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ti tó ni. Ẹ gbé etí lé mi níkùn, ẹ ó gbọ́ wọn."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Bàbá ọmọ ni mí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí lé ikùn òbúkọ. Ohùn àgbàlagbà kan jáde wá: "Mi ò tọrọ ilẹ̀."

Bí mo ṣe gbórí sókè, kò sí ọ́fíìsì mọ́. Àárín oko elégédé ni mo wà. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí elégédé kan, ó dé fìlà etí gbòòrò, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Éfúráímù nìyí," ó ní. "Ìṣojú mi ni. Àwọn onílẹ̀ tí a bá níbí dúró sábẹ́ igi lọ́hùn-ún, wọ́n ń wò wá. Kò tilẹ̀ kí wọn. Ó kàn sọ mí mọ́lẹ̀ gbì, ó ní oko òun ti bẹ̀rẹ̀."

"Bàbá," mo ní, "ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ àlejò, ẹ kò mú iṣu dání lọ bá onílẹ̀? Ẹ kò san ìṣákọ́lẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń tọrọ rẹ̀ ni." Ó wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀." Ó wá bú sẹ́kún. "Mo roko títí mo fi kú, kò sẹ́ni tó kì mí rí."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mi ò lè rí àgbàlagbà tó ń sunkún kí n má fi oríkì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Oríkì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ti ilé wa, òun náà ni mo sì kì fún un: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Ajíróko! Ọmọ a-ṣángbó-má-bẹ̀rù! Ọmọ a-fiṣu-ṣàlejò-kó-tó-béèrè-ilé!"

Orí bàbá náà wú. Ó wú ní ti gidi, ó tóbi ju elégédé tó jókòó lé lọ, fìlà rẹ̀ sì já bọ́. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Àbúrò mi!"

Ni òbúkọ akọ̀wé bá yọjú láàárín ewé, ó lu agogo. "Ó ti parí! Ẹni tí ẹ bá fi oríkì ilé yín kì, ọmọ ilé yín ni. Wésílì àti Mopélọ́lá ti di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ọmọ ilé kan náà kì í fẹ́ra."

"Ẹ jọ̀ọ́, mo gba oríkì mi padà," mo ní.

"Mi ò dá a padà," ni Éfúráímù wí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí rẹ̀. "Bó bá sì jẹ́ pé ẹbí ni wá, wá bá mi bẹ àwọn tó wà lábẹ́ igi yẹn."

Mo wo abẹ́ igi. Àwọn onílẹ̀ ṣì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò wá. Ojú tì mí bí ẹni pé ọwọ́ mi ni ọkọ́ náà wà lọ́jọ́ yẹn. Mo ká agbádá mi sókè, mo na gbalaja láti dọ̀bálẹ̀ fún wọn.

Gbì! Orí símẹ́ńtì yàrá mi ni mo já lé. Bẹ́ẹ̀dì wà lókè, èmi wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ sì ti mọ́. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré jáde, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un nípa ilé Pẹ́kínsì.

Wésílì ni mo bá ní ìdọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Iṣu kan wà níwájú rẹ̀. Mopélọ́lá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Gbọ̀ngán jókòó sórí àpótí, ó ń rin pákò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ náà ń wí, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. "Ẹ fún mi ní ilẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ gbin àgbàdo."

Ìyá Gbọ̀ngán yọ pákò lẹ́nu. Ó wo iṣu, ó wo òyìnbó. "Ta ló kọ́ ọ pé kí o wá tọrọ rẹ̀?"

"Kò sí, Màmá. Ilẹ̀ yín ni."

Ojú ẹ̀gbọ́n mi rọ̀. Ó dìde, ó gbọ́n ẹrẹ̀ kúrò léjìká Wésílì, ó ní, "Dìde, ọkọ ọmọ mi." Mopélọ́lá bú sẹ́kún, ti ayọ̀ nìyẹn. Omijé bọ́ lójú èmi náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìyá Gbọ̀ngán wá tún ọ̀fun ṣe, ó gbé ohùn sókè: "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ Ajíró—"

Mo fò bọ́ sáàárín wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lẹ́nu.

"Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra ná!"