Ọjọ́ Tí Aṣọ Ìkélé Kọ̀, Tí Kò Wálẹ̀

Bí ẹ bá pàdé Cuthbert Pym ní ìgboro Halifax, ẹ ó rò pé ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo ènìyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó wá tún páìpù omi òun ṣe, nítorí èyí tó ṣe kẹ́yìn ti tún ń jò. Ọkùnrin kan ṣí fìlà fún un, ó ní òun dúpẹ́ bó ṣe bá àwọn sin bàbá àwọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Cuthbert kò tún páìpù ṣe rí, kò sì sin òkú ẹnikẹ́ni. Òṣèré ni. Inú sinimá ni wọ́n ti ń rí i. Òun ni ọlọ́pàá tó yọjú bèèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, òun ni awakọ̀ tó jẹ́ pé ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, òun náà ni òkú tí wọ́n bá nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Lórí ìtàgé ńkọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀ ló ti ń gbé tíì wọlé fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀, tó sì ń jáde kí ọ̀rọ̀ náà tó dùn. Gbogbo ayé mọ ojú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Hilda ìyàwó rẹ̀ mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti sú u. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ o. Ohun tó sú u ni yàrá àyágbé láti ìlú dé ìlú, àti àwọn onílé tí wọ́n ń yọjú wo bí èèyàn ṣe ń lo ọṣẹ. Norman àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Huddersfield, níbi tó ti ń ta ìṣó, ọ̀dà àti àgádágodo, ó sì ti fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà de àna rẹ̀.

"Bert," Hilda ní láàárọ̀ ọjọ́ kan, "mo ti fara dà á tó. Eré tó ń bọ̀ yìí, bí o bá tún gbé tíì wọlé, tí o tún gbé abọ́ jáde, tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè pé ta lọkùnrin yẹn, ọ̀dọ̀ Norman lo wà lọ́jọ́ Ajé. Mo fẹ́ ní ilé tèmi kí n tó darúgbó."

"Hilda, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú eré yìí o!"

"Ta ni? Ìwọ tí o ò ní ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn rí nínú ilé?"

"Èmi gan-an. Tí mo bá ti sọ ọ́ báyìí, aṣọ ìkélé ló kù."

Hilda rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. "Ó dáa. Norman á wá wò ó lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá sí nǹkan gidi níbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ máa lọ."

Cuthbert ṣèlérí. Ẹ̀rù sì bà á gidigidi, nítorí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. 

Eré náà dá lórí olówó kan tó jẹ ogún bàbá rẹ̀ tán. Rupert Lascelles ló ń ṣe olówó náà, òṣèré ńlá tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo ìlú, tí kì í sì í gbé abọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìparí eré, olówó yìí á bèèrè ẹni tó ra ilé òun, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ á sì dáhùn pé òun ni. Ó tán.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà láàárín àwọn òṣèré àtijọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú eré títí di alẹ́ tí èrò bá dé. Bí wọ́n bá sọ ọ́ níbi ìdánrawò, eré náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn ti pa èèwọ̀ yìí tì, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Threlfall tó ń darí eré kò fi ṣeré rárá. Bí èèyàn bá súfèé lẹ́yìn ìtàgé rẹ̀, ṣe ló máa lé onítọ̀hún síta, á ní kó fi ara rẹ̀ yí bí òòyì kó tó padà wọlé. Nítorí náà, níbi ìdánrawò, ohun tó bá wá sí Cuthbert lẹ́nu ló ń fi dípò ọ̀rọ̀ náà. Ebi ń pa á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹja yíyan àti búrẹ́dì." Bó ṣe di pé ohun tó ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Sid Garbutt ló ń fa okùn aṣọ ìkélé. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ó mọ okùn, kò mọ eré. Nínú eré tó kọjá, ó ti já aṣọ lé Lascelles lórí nígbà tí ìyẹn ń jẹ́wọ́ ìfẹ́. Ìyáàfin Threlfall wá pè é.

"Sid, gbọ́ mi dáadáa. Bí Pym bá ti sọ pé ẹja yíyan àti búrẹ́dì, fà á. Bí kò bá tíì sọ ọ́, bí ilé ń jó, má fọwọ́ kan okùn yẹn."

"Ó ti yé mi, mà."

Ó yé e lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún un pé ọ̀rọ̀ máa yí padà lálẹ́ àkọ́kọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà, èrò kún fọ́fọ́. Hilda àti Norman wà níwájú. Eré lọ geere títí tí Lascelles fi na ọwọ́ sókè, tó ní, "Ta ló ra ilé àwọn bàbá mi?"

Cuthbert gbé abọ́ tíì kalẹ̀. "Èmi ni mo rà á, olúwa mi."

Èrò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Aṣọ ìkélé kò mira. Àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, aṣọ ò wálẹ̀. Cuthbert yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Sid rèé, ó di okùn mú, ó na ọrùn, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bí ajá ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Ìyáàfin Threlfall ń ju ọwọ́ sókè sódò. Sid rò pé ó ń yin sùúrù òun ni, ó mirí sí i.

Adìẹ bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lascelles tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ sún mọ́ Cuthbert. "Pym," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣe nǹkan kan!"

Cuthbert wo ibi tí Norman jókòó sí. Ó rí ìṣó, ó rí ọ̀dà, ó rí káńtà. Lẹ́yìn náà ló bi ara rẹ̀ pé, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, ṣé ó máa ń dúró gbagidi sójú kan bẹ́ẹ̀? Àga ọ̀gá wà níwájú iná, àga aláwọ. Ó ti nu irú rẹ̀ nínú gbogbo eré tó ti ṣe, kò jókòó sórí rẹ̀ rí. Ó rìn lọ, ó jókòó.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Cuthbert gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó wo tíì. Ó wo Lascelles. Ó tún wo tíì. Kò yé ìyẹn. Cuthbert mú agogo kékeré tó wà lórí tábìlì, ó lù ú.

Èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Ojú Lascelles pọ́n, ìbínú gidi ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn. Kí ni ì bá ṣe? Ó da tíì. Ó gbé ife lé Cuthbert lọ́wọ́. Cuthbert tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé, ó dá ife padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ṣúgà dà? Kò lanu sọ ọ́, ojú rẹ̀ ló fi sọ gbogbo rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí àtọdúnmọ́dún ló ti ń dúró lára ògiri, tó ń wo bí olówó ṣe ń jókòó.

Ó ti yé e nígbà yẹn ohun tí Sid ń dúró dè. Ó lè sọ ọ́ kó parí. Kò sọ ọ́. Inú rẹ̀ ń dùn dé ibi tí kò dùn dé rí, ó wá jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀ sí i. Norman ti ṣubú lé èjìká ẹni ẹlẹ́ni, ó ń fi fìlà nu omijé.

Ó sú Lascelles. Ó tẹ orí ba. "Ṣé ó tún ku nǹkan, olúwa mi?"

Cuthbert na ẹsẹ̀ sí iná. "Ẹja yíyan," ó ní, ó sì dánu dúró. Sid fún okùn mọ́ra. "Àti búrẹ́dì."

Aṣọ ìkélé já wálẹ̀ wìì. Ariwo tó sọ lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

"Ẹ lé e lọ!" Lascelles ń pariwo. "Èmi Rupert! Mo da tíì fún Pym!"

"Rupert, fara balẹ̀," Ìyáàfin Threlfall dá a lóhùn. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lọ́la wàá tún dà á, wàá sì fi ṣúgà sí i."

"Mà," Sid ní, "mo dúró bí ẹ ṣe ní kí n dúró."

"Mo rí ọ, Sid. Gbogbo wa la rí ọ."

Norman wọ yàrá ìmúra, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bert, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo bá wá." Ó wo àna rẹ̀, ẹ̀rín tún gbé e. "Rárá o, kò ṣeé ṣe. Bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ìṣó, tí o wá wò ó bí o ṣe wo ife tíì yẹn, ṣọ́ọ̀bù mi á kógbá sílé. Mo ń lọ mutí jàre."

Ó ku Hilda. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ tú bọ́tìnnì ọrùn. Cuthbert wò ó nínú dígí.

"Hilda, ọ̀rọ̀ ilé yẹn, mo mọ̀ pé mo ṣèlérí."

"Gbẹ́nu dákẹ́ ná." Ó nu ojú. "Nígbà tí o jókòó sórí àga yẹn, mo di ọwọ́ Norman mú. Mo rò pé o máa dìde."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

"O ò sì dìde."

"Rárá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọkọ rẹ̀ mú, ojú tí gbogbo ayé rò pé àwọn mọ̀, ó wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Má dìde mọ́ o, Bert," ó ní.