Ẹsẹ̀ Òsì Ló Ń Tẹ Kílọ́ọ̀ṣì

Òkè Ẹ̀fọ̀n ni mo ti bá ara mi, ṣùgbọ́n inú ọgbà adìyẹ wa ni òkè náà wà. Títì ọlọ́dà gba àárín àgò adìyẹ kọjá, ó ń gùn lọ sínú kùrukùru. Gbogbo àgò ló ṣófo. Adìyẹ kan ò ké, ìyẹ́ kan ò fò. Ẹyin nìkan ló tò sí ẹ̀gbẹ́ títì lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń dán bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró nù wọ́n.

Bọ́ọ̀sì wa àtijọ́ dúró síbẹ̀. Kò wó, kò tilẹ̀ họ. Ọkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi okùn rọ́bà so kíréètì ẹyin pọ̀ bó ṣe máa ń ṣe: á fa okùn le, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá kíréètì lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ́tí sí i bí ẹni pé ẹyin fẹ́ dá a lóhùn.

Oṣù keje rèé tí a ti sin ín.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àlá yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ inú tí mo gbé sùn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, lórí àga pálọ̀, mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá Ajíṣafẹ́, àbúrò ọkọ mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ni. Bọ́ọ̀sì akẹ́rù méjì ló wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ fún wa ní Iléṣà. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n, ọjọ́ orí kan náà. Ọ̀kan jẹ́ mánúà, tí èèyàn ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀. Èkejì jẹ́ ótò, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, láìsí kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni a gbọ́dọ̀ fún un lésì, nítorí ọkọ̀ tí a ń háyà ti fọ́ ẹyin wa débi pé àwọn oníbàárà ti ń yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

"Ìyàwó wa, ótò ni kó o mú," ni Bọ̀dá wí. "Mánúà ò yẹ obìnrin. Ọkùnrin ló ń bá jíà jà lórí òkè."

"Bọ̀dá, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa mánúà lórí òkè yìí kan náà. Ẹyin mélòó ni mo fọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọkọ rẹ ló jókòó tì ọ́ nígbà yẹn."

Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára bí ata. Mo ní mánúà ni màá rà, ọ̀rọ̀ ti parí. Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n máa lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn gan-an ni mò ń bínú sí jù. Òkú ni mò ń bínú sí. Bí oṣù mẹ́fà kó tó kú ni ọkọ mi ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Mo máa ń rí i tó ń fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ náà lé kílọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá bèèrè, á ní, "Kò sí nǹkan kan." Mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ rí dókítà. Mo bẹ̀ ẹ́ ká pààrọ̀ ọkọ̀ sí ótò. Ó ní ótò ò mọ òkè sọ̀, bíréèkì ló máa jó mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Pé mánúà, téèyàn bá ti kì í bọ jíà kejì, á máa rọra sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mò ń sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, pẹ̀lú ẹrù ẹyin lẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà kọ̀ lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n. Bọ́ọ̀sì fẹ̀yìn rìn, ó já sí kòtò. Ọjọ́ kẹta ló kú. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà tipẹ́, òun ló ń mú ẹsẹ̀ náà kú, pé bí a bá tètè gbé e wá ni. Bí a bá tètè gbé e wá! Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí omi lójú mi. Ìbínú ò jẹ́ kí ẹkún ráyè.

Nítorí náà, bí mo ṣe rí i lójú àlá náà tó ń so kíréètì wọ́ọ́rọ́wọ́, mo bú mọ́ ọn.

"Ẹ wà níbí ẹ ń di ẹyin! Bàbá Ìyíọlá, ẹ̀ ń di ẹyin!"

Kò yíjú. Ó fa okùn le.

"Mo bi yín. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo bi yín? Ẹ ń wò mí lójú, ẹ ń parọ́ fún mi lójoojúmọ́, ẹ wá lọ kú sí mi lọ́rùn. Ìwọ! Ìwọ lo ṣe é!"

Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, mi ò fi "ìwọ" pè é rí. Ó dáwọ́ dúró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò.

"Ojú ló tì mí, Àwẹ̀ró."

"Lójú ta ni? Lójú èmi?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó sì rọra sọ pé, "Wọlé. Ẹyin ń dúró."

Mo wọlé pẹ̀lú ìbínú. Ó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan. Òkè dúró gàgàrà níwájú wa.

"Tẹ kílọ́ọ̀ṣì."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìrora gba orúnkún òsì mi wọnú itan. Oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni mo já bọ́ láti orí àkàsọ̀ níbi tí a ń kó oúnjẹ adìyẹ sí, orúnkún náà ò sì bọ̀ sípò láti ìgbà náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń fi aṣọ dì í lábẹ́ ìró. Mo di eyín, mo kọjú sí fèrèsé kó má bàa rí mi.

"Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?" ló bi mí.

"Kò sí nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà dún nínú ọkọ̀ bí ohùn tirẹ̀ gan-an. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí. Ó kàn gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. Ọwọ́ náà tutù bí òkúta odò. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn yọ́ lọ, ẹyin ń pariwo kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́yìn wa.

"Sọ ọ́," ló wí.

"Ó ń dùn mí!" ni mo kígbe. "Ó ń dùn mí gan-an!"

Igbe yẹn ló jí mi. Oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí orúnkún, ojú mi sì tutù. Mo sunkún lórí àga yẹn títí ọrùn aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi fi rin. Mo ṣì ń bínú sí i, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi bí èèyàn ṣe ń parọ́ yẹn, bó ṣe ń rọrùn tó lẹ́nu.

Mo pe Bọ̀dá Ajíṣafẹ́. Wọ́n padà wá.

"Ótò ni màá mú," mo wí. Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. "Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Kì í ṣe torí pé mo jẹ́ obìnrin. Orúnkún òsì mi ti bàjẹ́ láti oṣù márùn-ún, mo ń fi pa mọ́, bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe fi tiwọn pa mọ́. Lọ́la, ọsibítù la ó kọ́kọ́ yà sí ká tó dé Iléṣà. Mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ gbé mi gun òkè, kó sọ̀ pẹ̀lú ẹrù, kí n fojú ara mi rí i pé jíà rẹ̀ lè dì í mú."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn.

"Èmi náà rí i," ni wọ́n wí. "Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ń wọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ."

Ara mi gbóná. Gbogbo èébú tí mo mọ̀ ló rọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì, mo wá fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ jókòó," mo wí. "Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."